Kúlísúmù Ajórin àti Orí Bẹ́ẹ̀dì Bàbá Rẹ̀

Bí o bá gbé mọ́tò lọ bá Kúlísúmù Ajórin ní Abobo, nílùú Abidjan, má retí pé yóò kọ́kọ́ kí ọ. Mọ́tò ló ń kọ́kọ́ kí. Yóò ní kí o má pa ẹ́ńjìnnì, yóò ṣí ìdérí rẹ̀, yóò tẹ orí ba, yóò di ojú, yóò sì máa gbọ́ bó ṣe ń mí. Ìwọ tí o ni mọ́tò yóò dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí àlejò tó ṣìnà wọ ilé onílé. Ìgbà tó bá gbọ́ tán ni yóò tó yíjú sí ọ, tí yóò kúnlẹ̀ bí o bá jù ú lọ, tí yóò wá béèrè ìyàwó, béèrè ọmọ, béèrè àwọn ará ilé tó wà lẹ́yìn odi. Àwọn àgbà ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó wà ládùúgbò wa bínú sí i títí ó fi sú wọn. Wọ́n ní ọmọ Yorùbá wo ni í fojú fo àgbà bẹ́ẹ̀? Ó ní kí wọ́n má bínú, bí òun bá kọ́kọ́ kí wọn, wọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ohun tó ń ṣe mọ́tò, àlàyé wọn ni yóò sì kún òun létí, òun kò ní gbọ́ ti ẹ́ńjìnnì mọ́.

Àlhájì Ṣéhù, tó ń ta aṣọ ní ọjà Adjamé, ni ọ̀rọ̀ náà dùn jù. Ó gbé mọ́tò rẹ̀ dé lọ́jọ́ kan, ó rí i pé obìnrin náà gba ẹ̀gbẹ́ òun kọjá sídìí ẹ́ńjìnnì, ló bá na ọwọ́ wọlé, ó pa á. Ó ní ó di ìgbà tí wọ́n bá kí òun. Kúlísúmù padà lọ jókòó sórí àpótí rẹ̀, ó ń wo Àlhájì, Àlhájì náà ń wò ó. Wọ́n wo ara wọn títí oòrùn fi lé Àlhájì lọ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Àlhájì tún dé, ẹ́ńjìnnì ń dún, kò sì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí obìnrin náà fi gbọ́ tán. Láti ọjọ́ náà, kò gbé mọ́tò rẹ̀ lọ síbòmíràn mọ́.

Èmi tí mò ń sọ èyí, Mìkáílù ni orúkọ mi. Ògbólógbòó ẹ̀yà mọ́tò ni mò ń tà, èyí tí àwọn ará Abidjan ń pè ní France au revoir, ní òdìkejì títì sí ibi tí Kúlísúmù ti ń jó irin. Ká sọ tòótọ́, ó yẹ kí èmi àti ẹ̀ máa bára wa jà ni, nítorí páìpù tó bá ti fọwọ́ kàn, ẹni tó ni ín kò ní ra òmíràn lọ́wọ́ mi mọ́. Mo ti bú u lójú, mo ti bú u lẹ́yìn, mo ní iṣẹ́ rẹ̀ ti dára jù, kí ó máa fi ibì kan sílẹ̀ tí yóò bàjẹ́ kí àwa náà lè jẹun. Ẹ̀rín ló máa ń fi rín mi. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìdáa níwájú mi, olúwarẹ̀ yóò gbọ́ tẹnu mi.

Treichville, àdúgbò kan ní Abidjan, ni wọ́n bí Kúlísúmù sí. Àrìmíyàù bàbá rẹ̀, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó wá sí Abidjan nígbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì hù, bẹ́ẹ̀dì onírin ló ń ṣe. Bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ kò ṣeé ṣì mú fún ti ẹlòmíràn. Àwọ̀ ewé ló máa ń kùn ún, páìpù tó tẹ̀ bí òṣùmàrè ló sì máa ń fi ṣe orí rẹ̀, ńlá lókè, kékeré lábẹ́. Kò sí ìyàwó ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n gbé wọlé ní Treichville láyé ọjọ́un tí wọn kò ní kí Àrìmíyàù ṣe bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Èmi alára, orí ọ̀kan nínú wọn ni ọ̀rọ̀ mi ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti lọ́kọ, tí ẹ ti láya, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ.

Páìpù kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi agbára tẹ̀. Bí o bá kàn fi iná mú un rọ̀ tí o sì tẹ̀ ẹ́, ikùn rẹ̀ yóò wọlé, yóò ká bí ẹ̀ka tó ṣẹ́. Ọgbọ́n tí Àrìmíyàù ń dá ni pé ó máa ń rọ iyanrìn kún inú rẹ̀ dẹ́nu, yóò dí ìhà méjèèjì pa, yóò wá fi í sínú iná títí yóò fi pọ́n, yóò sì máa tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ mọ́ igi. Iyanrìn inú rẹ̀ kò ní jẹ́ kó rún. Kúlísúmù ló máa ń jọ iyanrìn náà nígbà tó wà lọ́mọdé. Òun ló ń sá a, òun ló sì ń yan án nínú agbada bí ẹni ń yan gààrí, nítorí bí omi díẹ̀ bá kù nínú iyanrìn, tí iná sì dé ibẹ̀, oru omi yóò fa páìpù ya. Bàbá rẹ̀ kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kan wà tó ń tún sọ títí tí ọmọ fi mọ̀ ọ́n bó ṣe mọ orúkọ ara rẹ̀. Iyanrìn tútù, ó ní, ìbọn ni.

Nígbà tó yá, bẹ́ẹ̀dì onígi àti tìmùtìmù gba ìgboro, àwọn ìyàwó kò béèrè bẹ́ẹ̀dì Àrìmíyàù mọ́. Èyí tó ṣe kẹ́yìn ni ti Kúlísúmù, fún ìgbéyàwó rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ọwọ́ bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, kò sì pẹ́ tó fi ṣaláìsí. Ọkọ Kúlísúmù náà tẹ̀ lé e. Ní 1999 ni obìnrin náà kó ìyá rẹ̀, bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ àti igò gáàsì bàbá rẹ̀ wá sí Abobo. Ó ní bí àwọn èèyàn kò bá sùn lórí irin mọ́, wọ́n ṣì ń gun irin kiri. Páìpù èéfín mọ́tò ló dojú kọ. Àwọn awakọ̀ bọ́ọ̀sì gbaka àti takisí wôrô-wôrô kọ́kọ́ fi í ṣe ẹlẹ́yà, wọ́n ní ta ló rí obìnrin tó ń jó irin rí. Nígbà tí wọ́n rí i pé ohun tó bá jó pọ̀ kì í ṣí, wọ́n yé rẹ́rìn-ín. Tantie Anango ni wọ́n sọ ọ́, ìyẹn Àǹtí Anango, nítorí Anango ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbẹ̀.

Wàyí o, ní ìbẹ̀rẹ̀ 2011, lẹ́yìn ìdìbò, ìbọn bẹ̀rẹ̀ sí í dún ní Abobo. N kò ní sọ ẹni tó jẹ̀bi. Ẹni tí ọta ìbọn bà kì í dúró béèrè ẹgbẹ́ tó ti wá. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ọjà Adjamé Roxy ti, gbaka kò rìn mọ́, àwọn èèyàn sì ń ru ẹrù jáde ládùúgbò ní gbogbo òwúrọ̀. Látífà ìyàwó mi ní àbúrò ọkùnrin kan ní Cotonou, ó ní ká máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun. Mo ní mọ́tò funfun kan. Ó ti dàgbà, ṣùgbọ́n ó ń rìn. Kí n kó Látífà àti àwọn ọmọ sínú rẹ̀ ló kù, mọ́tò náà ni kò wá gbà fún mi.

Páìpù kékeré kan wà lára ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tó máa ń gba díẹ̀ nínú èéfín gbígbóná tó ń jáde, tó sì ń dá a padà síbi tí ẹ́ńjìnnì ti ń fa afẹ́fẹ́, kí iná inú rẹ̀ má bàa gbóná ju bó ṣe yẹ lọ. Páìpù yìí ló sán lọ́rùn. Bí mo bá dúró, ẹ́ńjìnnì yóò gbọ̀n, yóò kú. Bí mo bá ń lọ, èéfín yóò gba abẹ́ ibi ìtukọ̀ wọlé bá wa. Bẹ́ẹ̀ Fadila, àbígbẹ̀yìn mi, ní ikọ́ fée. Nígbà tí mo fi mọ́tò náà gbé e dé ìpẹ̀kun àdúgbò wa lásán, àyà rẹ̀ ń dún bí fèrè, ètè rẹ̀ sì ṣú. Mo yí padà kíá. Ọ̀nà Cotonou gba Ghana kọjá, ó gba Togo kọjá, kò sí bí ọmọ yẹn ṣe lè máa fa èéfín yẹn símú títí a ó fi débẹ̀. Mọ́tò tó bá sì ń kú níwájú àwọn tó fi igi dí títì, tí ìbọn wà lọ́wọ́ wọn, àwọn tó wà nínú rẹ̀ ti wọ gàù. Bí mo ṣe máa gbé Fadila jáde láàyè ni mò ń rò, n kò ro nǹkan mìíràn.

Mo kọ́kọ́ gbé mọ́tò náà lọ bá Célestin, mẹkáníìkì àdúgbò wa. Ọmọ dáadáa ni, ọwọ́ rẹ̀ yá, bóyá ó tilẹ̀ yá jù. Ó ṣe ohun tí púpọ̀ nínú wọn ń ṣe bí páìpù yẹn bá bàjẹ́. Ó gé agolo tòmátì, ó fi dí ojú ihò rẹ̀ pa, ó ní ó ti parí. Ooru ẹ́ńjìnnì jẹ agolo náà ya kí n tó délé. Ó tún wá páìpù tó dúró ṣánṣán, ó fi jó ìpẹ̀kun kan mọ́ èkejì. Ìyẹn náà sán lọ́rùn bíi ti àkọ́kọ́. Ó bẹ̀ mí, ó ní òun ń kó ìyá òun lọ sí abúlé, kí n gbé mọ́tò náà lọ bá Tantie. Bí kò tilẹ̀ sọ ọ́, mo ti mọ̀ pé ibẹ̀ ni mò ń lọ. Ohun tó ń dá mi dúró ni pé mo mọ bí ọwọ́ Kúlísúmù ṣe ń falẹ̀, ọ̀ràn tó sì wà nílẹ̀ kì í ṣe ti ẹni tó ń falẹ̀.

Kò kí mi. Ìbọn ń dún lọ́ọ̀ọ́kán, àwọn èèyàn ń sáré kọjá, Kúlísúmù tẹ orí ba ẹ́ńjìnnì mi, ó di ojú. Inú bí mi débi pé díẹ̀ ló kù kí n fà á dìde. Nígbà tó gbọ́ tán, ó kí mi, ó béèrè Látífà, ó béèrè Fadila, ó wá fi ọwọ́ kan páìpù Célestin. Kò bú Célestin. Ó ní ibi tó ti jó o pọ̀ dára, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì ń gbọ̀n, ooru sì ń na irin.

“Ohun tó bá dúró ṣánṣán kò ríbi yẹ̀ sí,” ó ní. “Ó gbọ́dọ̀ tẹ̀ díẹ̀ kó lè máa gbà fún un. Sinon, ça va casser encore, yóò tún sán.”

Mo ní èmi náà kò ríbi yẹ̀ sí, kí ó jọ̀ọ́, kí ó ṣe kíá. Ó wá páìpù káàkiri inú ìsọ̀ rẹ̀. Èyí tó kù fẹ́lẹ́, irú tí wọ́n fi ń ṣe àga. Ó fi iná kàn án, iná sì dá a lu. Èmi náà sáré lọ tú ìsọ̀ mi, gbogbo èyí tó wà níbẹ̀ ló ti dógùn-ún. Adjamé tí à bá ti rà á ti ti pa. Kúlísúmù jókòó sórí àpótí. Látífà ti dé lákòókò yìí, ó pọn Fadila sẹ́yìn, à ń gbọ́ bí ọmọ náà ṣe ń mí láti ibi tí a dúró sí. Ni Kúlísúmù bá dìde, ó wọ yàrá tó wà lẹ́yìn ìsọ̀ rẹ̀. A gbọ́ tí irin ń lu irin. Nígbà tó jáde, orí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ló gbé dání, aláwọ̀ ewé, páìpù ńlá lókè, kékeré lábẹ́.

Látífà, tí wọ́n bí ní Treichville bíi tirẹ̀, mọ ohun tó ń wò.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gé e. Ọwọ́ Bàbá ló kù síbẹ̀ yẹn.”

Èmi kò lè sọ pé kó gé e, n kò sì lè sọ pé kó má gé e. Mo wo Fadila, mo wo ilẹ̀. Kúlísúmù ti gbé ayùn lé páìpù kékeré náà.

“Bàbá ṣe é kí èèyàn lè sùn ni,” ó ní. “Bẹ́ ẹ bá dé Cotonou, tí ọmọ yìí bá sùn, iṣẹ́ tí Bàbá rán irin yìí náà ló jẹ́ yẹn.”

Látífà bú sẹ́kún. Kí n má purọ́, ojú tèmi náà kò gbẹ.

Páìpù àtijọ́ ni, ó nípọn, irú rẹ̀ kò sí lọ́jà mọ́. Kúlísúmù ha ọ̀dà ewé rẹ̀ kúrò, ó kù díẹ̀ ní àwọn kọ̀rọ̀ tí ọwọ́ kò dé. Títẹ̀ tí Àrìmíyàù tẹ̀ ẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ibi tí a ń lò ó sí mu gẹ́lẹ́, àfi ìpẹ̀kun kan tó ní láti ṣẹ́rí sókè díẹ̀ kó tó kan ẹnu ẹ́ńjìnnì. Ó túmọ̀ sí pé yóò lo iyanrìn. Ó bu iyanrìn sínú agbada, ó gbé e kaná, ó ń rò ó. Mo ní iyanrìn náà ti gbẹ, mo fọwọ́ kàn án, ó ti gbẹ. Ó ń rò ó lọ. Ìbọn dún nítòsí báyìí, gbogbo wa dọ̀bálẹ̀, òun náà dọ̀bálẹ̀. Nígbà tó dákẹ́, ó dìde, ó mú orógùn rẹ̀, ó tún ń ro iyanrìn. Ó ní iyanrìn tútù, ìbọn ni, èyí tó ń dún níta sì ti tó wa.

Bí ó ṣe rọ iyanrìn yẹn síbẹ̀, tó dí i, tó fi iná gáàsì na ìpẹ̀kun rẹ̀ títí ó fi pọ́n bí ẹyìn, tó wá tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lẹ́ mọ́ igi, mo ti ń rí i tó ń ṣe irú rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti dé Abobo, ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn ni mo tó wò ó. Kò yára, kò sì dúró. Ó gé ẹnu méjèèjì tó ní nọ́ọ̀tì lára páìpù mọ́tò tó ti sán, ó jó wọn mọ́ ti orí bẹ́ẹ̀dì. Ó dí ìhà kan, ó rì í sínú garawa omi, ó fi ẹnu fẹ́ ìhà kejì, bí àwọn oníkẹ̀kẹ́ ṣe ń wá ibi tí táyà ti jò. Omi kò hó. Ó tún tú fáàfù tí páìpù náà ń wọ̀, nítorí èéfín ti dì sẹ́nu rẹ̀ débi tí kò lè pa dé mọ́, ohun tó sì ń pa ẹ́ńjìnnì náà nìyẹn bí mo bá dúró. Ó fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́ títí ó fi ń ṣí, tó ń pa dé bí ó ṣe yẹ. Lẹ́yìn náà ló tó dì í padà, tó ní kí n ṣáná sí i.

Ẹ́ńjìnnì náà dún, ó rọlẹ̀, ó sì ń dún lọ bẹ́ẹ̀. Kúlísúmù tún tẹ orí ba, ó di ojú. Mo dúró, mo fi ọwọ́ lẹ́yìn. Bí ó bá ní kí n dúró títí ilẹ̀ yóò fi ṣú nígbà náà, ǹ bá dúró.

A bẹ̀ ẹ́ pé kó bá wa lọ, òun àti ìyá rẹ̀. Ó ní ìyá òun kò lè jókòó sínú mọ́tò ní ọ̀nà tó jìn tó bẹ́ẹ̀, òun kò sì ní fi í sílẹ̀. Ó kì mí nílọ̀ pé kí n má máa tẹ iná mọ́tò jù bí a bá ń gun òkè. Bí a ṣe kúrò nìyẹn.

Wọ́n dá wa dúró lójú ọ̀nà níbi púpọ̀. Níbì kan, wọ́n ní ká má kúrò, wọ́n ń tú ẹrù wa wò, wọ́n ń wo ìwé, wọ́n tún ń wò ó. N kò pa ẹ́ńjìnnì. Ó ń dún pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kò kọsẹ̀, èéfín kò sì wọlé. Mo gbọ́ tí Fadila ń hanrun lẹ́yìn, irú ìhanrun ẹni tí nǹkan kan kò dí lọ́fun. Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà yọjú wò ó, ó ní ká máa lọ. A kọjá Bassam, a kọjá Noé lẹ́nu ibodè, a wọ Ghana. Nígbà tí a dé Cotonou, wọ́n tẹ́ ẹní fún ọmọ náà, ó sùn títí oòrùn fi wọ ojú fèrèsé, Látífà sì jókòó tì í, ó ń wò ó. A pe Kúlísúmù lórí fóònù. Kò wọlé. A pè é ní gbogbo ìgbà, kò wọlé.

Kí ọdún náà tó parí, a padà. Mo ra páìpù tó dára bọ̀ láti Cotonou, mo so ó mórí mọ́tò, mo ní Kúlísúmù yóò fi dí àlàfo tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ó gbà á, ó dúpẹ́, ó sì fi tún gbaka ẹlòmíràn ṣe. Títí di òní, òun tó ń tẹ páìpù fún gbogbo Abobo, àlàfo yẹn ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ó ní ohun tó wà níbẹ̀ kò sọnù, ó lọ ṣiṣẹ́ ni.

Ṣùgbọ́n ti ọjọ́ tí a dé gan-an ni n kò ní gbàgbé. A yà sí títì ìsọ̀ rẹ̀, ọkàn wa kò balẹ̀ nítorí a kò mọ ohun tí a máa bá. A rí ìyá rẹ̀ lórí àga lẹ́nu ọ̀nà. A rí iná ajórin tó ń ṣẹ́jú nínú ìsọ̀. N kò pa ẹ́ńjìnnì. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo ṣí ìdérí rẹ̀ fúnra mi, mo yẹra sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, torí mo mọ àṣà rẹ̀. Kúlísúmù jáde síta, ó rí wa. Ó rìn kọjá lára èmi, ó rìn kọjá lára ẹ́ńjìnnì tó ń dún, kò tilẹ̀ wò ó. Ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó gbé Fadila jáde, ó tẹ orí ba, ó fi etí lé àyà ọmọ náà, ó di ojú. Èmi àti Látífà dúró. Ìgbà tó gbọ́ tán ló tó kí wa.